Ẹni Tó Jókòó sí Àga Ọ̀tún: Iṣẹ́ Igbákejì Kápútéènì Nínú Bàálù

Ìlà mẹ́rin ló máa ń wà léjìká kápútéènì bàálù, mẹ́ta ni ti igbákejì rẹ̀. Kápútéènì a jókòó sọ́wọ́ òsì, igbákejì a jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ló rò pé ọjọ́ tí àìsàn bá kọlu ọ̀gá nìkan ni ẹnìkejì yìí wúlò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mọ bàálù í wà, wọ́n sì sábà máa ń pín in ṣe: bí kápútéènì bá wà á láti Èkó dé Àbújá, igbákejì lè wà á bọ̀. Ẹni tí kò bá sí lórí wíwà kì í káwọ́ gbera. Òun ló ń bá ilé gogoro pápákọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, òun ló ń ka ìwé àyẹ̀wò, òun ló sì ń pe iye eré síta nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré láti gbéra. Olórí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ṣọ́ ẹni tó ń wà á.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Bí kápútéènì bá ń ṣọ́ igbákejì, wàhálà ò sí, ọ̀gá ló ń wo ọmọ iṣẹ́. Bó bá wá jẹ́ igbákejì ló ń ṣọ́ kápútéènì ńkọ́? Lọ́dún 1994, NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìjàǹbá bàálù 37 yẹ̀ wò, láti 1978 sí 1990, níbi tí àṣìṣe àwọn awakọ̀ ti lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn. Nínú ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kápútéènì ló ń wà á lọ́wọ́. Ẹ má sì rò pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ló mọṣẹ́ jù. Bí mo ṣe rí i, tí igbákejì bá fẹ́ ṣìṣe, ọ̀gá a ti ké mọ́ ọn. Tí ọ̀gá bá fẹ́ ṣìṣe, igbákejì á kọ́kọ́ ro bí yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Bàálù kì í sì í dúró de àròjinlẹ̀.

Ìjàǹbá tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ jákèjádò ayé ṣẹlẹ̀ ní Tenerife, erékùṣù kan lábẹ́ Sípéènì, lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977. Bọ́ǹbù tó bú ní pápákọ̀ Gran Canaria ló lé ọ̀pọ̀ bàálù lọ sí Los Rodeos, pápákọ̀ kékeré tí kò gbà wọ́n. Boeing 747 méjì wà lára wọn, ọ̀kan ti KLM ilẹ̀ Netherlands, ọ̀kan ti Pan Am ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Jacob Veldhuyzen van Zanten, kápútéènì KLM, ni àgbà olùkọ́ Boeing 747 níléeṣẹ́ wọn. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ń polówó. Ó ti ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára nígbà tí igbákejì rẹ̀ rán an létí pé wọn ò tíì gba àṣẹ. Ó dá a dúró, ó ní òun mọ̀, kó béèrè. Igbákejì béèrè. Ilé gogoro ka ọ̀nà tí wọn yóò gbà lókè fún wọn, èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí àṣẹ láti gbéra. Igbákejì ò tíì ka ìyẹn padà tán tí ọ̀gá fi tú bíréèkì, ó ní àwọn ti ń lọ.

Igbákejì ò tún dá a dúró mọ́. Ó ti tún ọ̀gá ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá sì ti fi ohùn hàn án pé òun ò nílò ẹ̀kọ́; àyà ta ni yóò kì í débi pé yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀? Ó ku ẹnì kẹta, ẹnjiníà inú ọkọ̀. Ó gbọ́ lórí rédíò tí Pan Am ń sọ pé tí àwọn bá kúrò lójú ọ̀nà àwọn yóò sọ, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ó bi ọ̀gá bóyá Pan Am yẹn ò tíì kúrò ni. Ọ̀gá fi ìdánilójú dáhùn pé ó ti kúrò. Kò pẹ́ ni bàálù méjèèjì kọlura. Ènìyàn 583 kú. Ẹnì kan ò là nínú bàálù KLM. 61 ló là nínú ti Pan Am.

Ẹ wo ìbéèrè ẹnjiníà yẹn dáadáa. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọkọ̀ kan wà níwájú. Ó wé e bí ìbéèrè kó má baà dà bí ẹni pé ó ń já ọ̀gá nírọ́. Ìbéèrè sì ni nǹkan tó rọrùn jù fún ọ̀gá láti fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" pa.

Lóṣù Kejìlá ọdún 1978, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ẹsẹ̀ bàálù DC-8 kan ti iléeṣẹ́ United ò balẹ̀ bó ṣe yẹ. Kápútéènì ń yí po lókè, ó ń wá ojútùú sí ẹsẹ̀ bàálù, epo sì ń lọ. Àwọn méjì tó kù rí i. Wọ́n ń dárúkọ iye tó ṣẹ́ kù, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó là á mọ́lẹ̀ pé àfi káwọn balẹ̀ báyìí. Ẹ́ńjìnnì kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bàálù wó sáàárín igi ní ìgboro. Ènìyàn 10 kú nínú 189.

Lọ́dún 1979, NASA, àjọ ìmọ̀ òfúrufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pe àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá àtàwọn iléeṣẹ́ bàálù jọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń pè ní CRM, ti jáde, United sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní 1981. Lónìí òfin ti sọ ọ́ di dandan káàkiri, títí kan Nàìjíríà. Àwọn kápútéènì kan kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ le ju ìwà pẹ̀lẹ́ lọ. Wọ́n kọ́ igbákejì ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gòkè: kó béèrè, bí wọn ò bá dá a lóhùn bó ṣe yẹ, kó sọ ohun tó ń rí ní tààrà, bí ewu bá ti dé, kó dá a dúró. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ní in lófin pé bí ẹni tó ń wà á kò bá fèsì sí ìkìlọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ kápútéènì náà pé kó tó gbéra, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n sọ ohunkóhun tí wọ́n bá rí.

Àwọn kan máa ń di ẹrù yìí lé àṣà lórí, pé ìbọ̀wọ̀ fágbà àwọn ará Éṣíà àti Áfíríkà ló ń dí ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu. Mi ò gbà. Àwọn ará Netherlands tó wà ní Tenerife kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà ní Portland kì í pe ọ̀gá ní "ẹ̀yin". Nílẹ̀ Yorùbá ńbí, ọmọdé tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo láwùjọ àgbà ti ní ohun tí yóò fi ṣíde: á ní tótó, ó ṣe bí òwe, àwọn àgbà á sì ní yóò rí òmíràn pa. Ọ̀wọ̀ ò dín, ọ̀rọ̀ sì délẹ̀. Ohun tí CRM ṣe fún àwọn awakọ̀ fara jọ ìyẹn: ó fún ọmọ iṣẹ́ ní gbólóhùn tó ti wà nílẹ̀, tí ọ̀gá náà ti mọ̀ ṣáájú, tí kò sì lè pè ní àfojúdi.

Ẹ̀kọ́ náà ò lè mọ síwájú ọkọ̀ nìkan. Ní Kegworth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì òsì bàálù kan ló bàjẹ́, àwọn awakọ̀ sì pa ti ọ̀tún. Kápútéènì kéde fún èrò pé ti ọ̀tún ló níṣòro. Mẹ́ta nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò ti rí iná lápá òsì, ọ̀pọ̀ èrò náà rí i. Kò sí ẹni tó lọ sọ. Ènìyàn 47 kú.

Lóṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ẹ́ńjìnnì ìrù DC-10 kan ti United fọ́ lókè Iowa, ó sì gé gbogbo ọ̀pá tó ń gbé òróró tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Kò sí ìwé kankan tó sọ ohun tí èèyàn máa ṣe. Olùkọ́ awakọ̀ kan, Dennis Fitch, wà láàárín èrò, ó ní òun lè ṣèrànwọ́. Kápútéènì Al Haynes ò bèèrè pé kí lo mọ̀. Ó fa agbára ẹ́ńjìnnì méjì tó kù lé e lọ́wọ́. Igbákejì ń bá Haynes wá bí ọkọ̀ yóò ṣe gbọ́rọ̀, ẹnjiníà ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe fi agbára ẹ́ńjìnnì nìkan darí rẹ̀ dé Sioux City nìyẹn. Ó gbiná bó ṣe balẹ̀, ènìyàn 112 kú, ṣùgbọ́n 184 là nínú ọkọ̀ tí ẹnì kankan ò yẹ kó là nínú rẹ̀. Títí Haynes fi kú ló ń sọ pé bí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ CRM, àwọn kì bá tí rù ú là.

Àwọn dókítà ti yá nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2008, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan aláìsàn, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe, nọ́ọ̀sì àti ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ bákan náà.

Àga ẹnjiníà ti kúrò nínú bàálù tuntun. Kọ̀ǹpútà ló gba iṣẹ́ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, àwọn tó ń ṣe bàálù àtàwọn aláṣẹ ní Yúróòpù gbé e yẹ̀ wò bóyá ẹnì kan ṣoṣo lè wà nídìí ọkọ̀ láàárín ìrìn àjò gígùn, kí ẹnìkejì máa sùn. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ òfúrufú lágbàáyé, IFALPA ṣáájú wọn, ti fàáké kọ́rí: wọ́n ní méjì ni kó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.