Ọmọ yín ti wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òbí kò tíì tán

Bí ẹ bá gba ẹnu géètì Yunifásítì Èkó kọjá, ní Akọka, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ayẹyẹ ìgboyèjáde, àwọn òbí ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó rí àwọn ọmọ tó fẹ́ gboyè. Wọn yóò ti dé láti àárọ̀ kùtù, gèlè yóò ti ga lórí àwọn ìyá, àwọn bàbá yóò ti wọ agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, kúlà oúnjẹ yóò wà nínú bùùtù ọkọ̀, àwọn onífọ́tò yóò sì máa sá tẹ̀lé wọn kiri. Ìwé ìwọlé sí gbọ̀ngàn kì í kárí mọ̀lẹ́bí, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn ni kì í fojú kan inú gbọ̀ngàn náà rárá. Abẹ́ igi ni wọ́n máa ń jókòó sí títí tí ọmọ yóò fi jáde wá, tí ìyá yóò sì gba aṣọ ìgboyè náà wọ̀, kí wọ́n lè ya fọ́tò tí yóò wà lára ògiri pálọ̀ títí ayé.

Ṣùgbọ́n àwọn òbí mìíràn wà tí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í rí fún báyìí. Wọ́n ti ra aṣọ, wọ́n ti pe ẹbí láti ilé, àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ ayẹyẹ ṣe ku ọ̀la tí ọmọ jẹ́wọ́ pé orúkọ òun kò sí nínú ìwé. Òmíràn tilẹ̀ ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́ láti ọdún kejì, tó jẹ́ pé àárọ̀ ni yóò gbé báàgì kọ́ èjìká, tí yóò ní òun ń lọ sí kíláàsì. Ẹ bi àwọn àgbààgbà ládùúgbò yín ní Múṣín, Súrùlérè tàbí Yábà, wọn kò ní ṣàì mọ ẹnìkan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ní ọmọ burúkú ni, pé ó ti fi owó òbí rẹ̀ ṣe fàájì. Ní tòótọ́, àwọn bẹ́ẹ̀ wà. Àmọ́ ohun tí akọ̀ròyìn yìí ti rí ni pé ìtìjú ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jù: ọmọ kùnà nínú iṣẹ́ méjì, kò lè sọ nílé, nígbà tí yóò sì fi lè sọ ọ́, ó ti di mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó, nítorí òun ni àwọn òbí máa ń rò pé ó parí gbogbo rẹ̀. Ọdún 1962 ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀. Láyé ọjọ́un, ìjọba ló ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ san èyí tó pọ̀ nínú owó oúnjẹ wọn. Nígbà tí ìjọba ológun fi kún owó oúnjẹ ní oṣù kẹrin, ọdún 1978, láti náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ sí náírà méjì lóòjọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọ́n sí ìgboro jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí. Ìyẹn ni rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní ‘Ali Must Go’, nítorí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Akintunde Ojo, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, wà lára àwọn tí ìbọn pa. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ló fa ìyẹn. Ní oṣù keje, ọdún 2023, yunifásítì kan náà kéde pé owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san, èyí tó wà ní nǹkan bíi ₦19,000 tẹ́lẹ̀, yóò di ₦126,325 fún ọmọ tuntun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò la yàrá àyẹ̀wò lọ, àti ₦176,325 fún èyí tó bá là á lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, wọ́n jókòó ìpàdé, ní oṣù kẹjọ wọ́n sì yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kúrò lórí owó àwọn ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ tó ti wà nílé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ rí ẹ̀dínwó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Oúnjẹ wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábà àti láti Yábà dé Akọka wà níbẹ̀, ìwé títẹ̀, dátà orí fóònù, àti ilé háyà ní Abúlé-Ọjà tàbí Oníkẹ fún ẹni tí kò bá rí ibùsùn nínú ọgbà. Àjọ ni ìyá mi fi rán mi nílé-ẹ̀kọ́. Ojoojúmọ́ ló ń dá a fún alájọ tó máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, bí oṣù bá sì parí, alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀, yóò kó ìyókù fún un. Ohun tó mú kó ṣe é ní àṣeyọrí ni pé kì í gba owó náà lóṣooṣù. Ó mọ oṣù tí a máa ń sanwó, ó sì jẹ́ kí tiẹ̀ bọ́ sí i. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà dára, nítorí èlé wọn kì í pani. Èyí tí kò dára ni àwọn ayánilówó kíákíá orí fóònù, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọjọ́ díẹ̀ pẹ́, wọn yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí àna yín àti pásítọ̀ yín. Ẹ má fi irú owó bẹ́ẹ̀ rán ọmọ nílé-ẹ̀kọ́.

Ní báyìí, ìjọba àpapọ̀ ní ètò owó ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND ni wọ́n ń pe àjọ tó ń bójú tó o. Ọ̀pọ̀ òbí ló ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ nípa òfin àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà, ọdún 2023. Òfin yẹn ní kí ẹni tí owó tó ń wọlé fún ẹbí rẹ̀ bá ju ₦500,000 lọ́dún má wulẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá onídùúró. Wọ́n ti pa òfin náà rẹ́, òmíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, èyí tó mú ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún òbí àti ti onídùúró kúrò. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, BVN àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Bí àdírẹ́sì tàbí lẹ́tà kan nínú orúkọ kò bá dọ́gba láàrin àwọn ìwé wọ̀nyí, wàhálà ni, nítorí náà ẹ tún un ṣe kí ó tó wọlé.

Apá méjì ni owó náà pín sí. Èyí tó jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ kò ní fojú kàn án. Èkejì ni owó ìtọ́jú ara, ₦20,000 lóṣù, tó ń wọ inú àkáǹtì ọmọ fún ẹni tó bá bèèrè fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹ bá ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ti NELFUND tó dé, ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ dá tiyín padà, kí ẹ sì bi ọmọ yín léèrè bóyá wọ́n ti dá a padà. Kò sí èlé lórí owó náà, èyí tó yẹ kó fi ọkàn àwọn òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí balẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti sin ìlú tán ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bó bá ti ríṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ètò yìí wà fún; Yábà Tẹ́ẹ̀kì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wà ní yunifásítì aládàáni kò sí níbẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń sùn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, èsì ń wá bá yín nílé. Yunifásítì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èsì wà, ọmọ ló sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé, “Ṣé o ń kàwé?”, yóò ní òun ń kà á, ọ̀rọ̀ sì pin síbẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹ jókòó tì í ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan kí ó ṣí ojú ewé náà hàn yín. Ẹ sọ fún un láti ọdún àkọ́kọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, kó má baà dà bí ẹni pé ọlọ́pàá ni yín.

Lórí márùn-ún ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, wọn yóò fi máàkì ọmọ sọ ìwọ̀n náà di púpọ̀, wọn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn yóò sì fi àpapọ̀ ìwọ̀n pín in. Ẹni tó bá ní 4.50 sókè ló wà ní ipò kìn-ín-ní, 3.50 ni ìbẹ̀rẹ̀ ipò kejì ti òkè, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń bèèrè fún. Ayọ̀délé Dada gba 5.00 géérégé nínú ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Èkó, orúkọ rẹ̀ sì gba gbogbo ìwé ìròyìn kan lọ́dún 2016. Ohun tí àwọn òbí kò mọ̀ ni bí ọdún àkọ́kọ́ ṣe máa ń wọ́ ọmọ nílẹ̀ tó. Ká ní iṣẹ́ ogójì ìwọ̀n ni ọmọ ń ṣe lọ́dún fún ọdún mẹ́rin, tó sì ní 2.00 lọ́dún kìn-ín-ní. Kó tó lè fi 3.50 jáde, ó gbọ́dọ̀ máa ní 4.00 ní ọdún mẹ́ta tó kù, láìyẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó bá kùnà, tí wọ́n ń pè ní káríófà, yóò tún un ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ọdún tuntun. Bí ó bá sì ṣẹ́ kù lọ́dún ìkẹyìn, ó di ọdún àfikún nìyẹn.

Mo fi káríófà kan pamọ́ fún ìyá mi fún odidi ọdún kan rí. Ìṣirò ni. Ohun tí mò ń bẹ̀rù kì í ṣe ẹgba, nítorí mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Orin tí yóò máa fi mí kọ ní ṣọ́ọ̀bù ni. Nígbà tó mọ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló ń kọ́ni ní ìṣirò náà ládùúgbò, èló sì ni yóò gbà. Bí mo bá ti mọ̀ pé ohun tí yóò sọ nìyẹn, ǹ bá ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ọmọ tó ń ti ilé lọ kíláàsì tún ní wàhálà tirẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, èrò sì ti kún Ìdí-Orò. Nígbà tí yóò bá fi padà dé, bàbá fẹ́ kó lọ pọn omi, ìyá fẹ́ kó dúró ní ṣọ́ọ̀bù ní Ojúwòyè títí tí wọn yóò fi pàtẹ tán. Kò burú kí ọmọ ṣiṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ wá ẹlòmíràn ràn níṣẹ́. Àwọn tó wà nínú ọgbà, ní Mọremí tàbí Mákámà-Bídá, kò ní ìyọnu ọkọ̀, àmọ́ ibùsùn kò kárí, ẹni méjì sì lè máa pín ibùsùn ẹnìkan.

Bí ẹ bá rí i pé ọmọ kò jẹun mọ́, kò sùn, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ má ṣe gbé e lọ sórí òkè nìkan. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ọpọlọ ní Yábà ti wà láti ọdún 1907, LUTH tó wà ní Ìdí-Àràbà náà sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ Yábà ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, nítorí ẹ̀fẹ̀ tí a ti fi ṣe láti kékeré. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà ni.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ kò sí lọ́wọ́ òbí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ọdún 2020 kò parí títí di oṣù Kejìlá. Ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti 14 oṣù kejì sí 14 oṣù kẹwàá. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin wá di ọlọ́dún mẹ́fà. Àwọn òbí tó jẹ́ kí ọmọ kọ́ aṣọ rírán tàbí títún fóònù ṣe lákòókò náà kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò ìkẹyìn bá parí, ẹ má tíì kó aṣọ fún télọ̀. Ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì ní láti fọwọ́ sí èsì náà, ọmọ ní láti lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé kò jẹ gbèsè owó tàbí ìwé ilé-ìkàwé. Lẹ́yìn èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìsìnrú ìlú, ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973. Àgùnbánirọ̀ ń gba ₦33,000 lóṣù tẹ́lẹ̀, ó sì di ₦77,000 ní oṣù kẹta, ọdún 2025. Ẹni tó bá ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ lọ́jọ́ tó gboyè kò ní sìn, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un, ìwé náà sì tó fi wáṣẹ́. Ẹ ní kí ọmọ fi orúkọ yín hàn yín nínú ìwé àwọn tó ń gboyè kí ẹ tó pe ẹbí láti ilé. Nígbà náà, ẹ lè rán gèlè.