Ère bébà tó ń gúnyán l'Ójúwòyè: Wọ́n ní oògùn ni, ni mo bá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ hàn wọ́n

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Ojúwòyè, ní Mushin, obìnrin mẹ́ta pa ìsọ̀ wọn tì, wọ́n sáré wá sí ìsọ̀ ìyá mi. Kì í ṣe iṣu ni wọ́n fẹ́ rà o. Ère obìnrin kékeré kan ni wọ́n wá wò, kò ga ju ìgò ọtí lọ, ó ń gbé ọmọ odó sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, bí ẹni tó ń gúnyán fún ọkọ. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Jésù!" Èkejì ní, "Ìyá Elélùbọ́, ta ló fún yín ní nǹkan yìí? Ẹ̀rù ò bà yín?"

Èmi ni mo ṣe é. Bébà ìwé ìròyìn, irú èyí tí ẹ fi ń di àkàrà, ni mo fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọjà ìyá mi ò tà. Ìsọ̀ mẹ́fà ló ń ta iṣu àti èlùbọ́ lójú kan náà, tiwọn ló wà lẹ́yìn pátápátá. Owó ìsọ̀ ti ń lé wọn. Mo ní kí n wá ohun tí yóò máa dá èrò dúró.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́. Mo rẹ bébà sómi, mo gún un, mo pò ó mọ́ sítáàṣì, mo sì mọ ọ́n ní odindi bí ẹni mọ búrẹ́dì. Òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìta rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ ò gbẹ. Kò pẹ́ tó fi hu, tó ń rùn, aáyán sì jẹ ojú rẹ̀ nítorí sítáàṣì. Mo dà á nù.

Èkejì ni mo fọgbọ́n ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, báyìí ni: ẹ fa bébà ya wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ gún un títí yóò fi dà bí ẹ̀bà, kí ẹ fún omi rẹ̀ dànù. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò pò ó, ẹ bu ìyẹ̀fun igi tí wọ́n rẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ fi wáyà ṣe egungun ère náà, ẹ ká bébà gbígbẹ mọ́ ọn kó lè fúyẹ́, kí ẹ tó wá máa lẹ bébà gígún náà mọ́ ọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí ìpele kan bá gbẹ dáadáa, kí ẹ tó lẹ òmíràn. Ìkánjú ló ba tèmi jẹ́. Tó bá gbẹ tán, ẹ fi sánpépà ha á, ẹ kùn ún lọ́dà.

Kí ló wá ń mú un gúnyán? Àpótí kékeré ni ère náà dúró lé. Mo gba sípóòkù kẹ̀kẹ́ kọjá nínú àpótí náà láti ọ̀tún sí òsì, mo tẹ orí rẹ̀ kan kó di ọwọ́ tí a óò máa yí. Mo fi pákó fẹ́lẹ́ gé àgbá róbótó kan tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta, mo ki í bọ sípóòkù náà, mo sì dè é kó má yọ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, mi ò lu ihò rẹ̀ sí àárín gan-an. Mo fi ààbọ̀ ínṣì yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá ń yí i, ibi tó gùn yóò bọ́ sókè, yóò ti igi tín-ín-rín kan tó dúró lé e lórí, igi náà yóò sì gbé apá ère náà. Tí ibi tó kúrú bá yí dé, apá yóò já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ínṣì kan péré ni igi náà ń gòkè. Nítorí pé ìtòsí èjìká ló ti ń ti apá, ínṣì kan yẹn ń di bíi mẹ́ta ní ọwọ́ tó mú ọmọ odó.

Ṣé oògùn wá nìyẹn? Àwọn baba wa mọ irú ọgbọ́n yìí. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nílẹ̀ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń jẹ́ Dahomey títí di 1975, àti ní Yewa lọ́dọ̀ wa níbí, máa ń gbẹ́ ère sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òmíràn nínú àwọn ère náà ń mira. Okùn ni oníjó ń fà lábẹ́ aṣọ. Wọ́n ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ohun iyì gbogbo ayé ni. Àwọn Tiv ní ìpínlẹ̀ Benue náà ń fi ọmọlangidi tó ń mira ṣeré, Kwagh-hir ni wọ́n ń pè é, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2019. Lókè òkun ńkọ́? Ní 1206, al-Jazari, tó sin ọba ní apá ibi tó di Tọ́kì lónìí, parí ìwé kan lórí ẹ̀rọ àrà. Ère tó ń lùlù wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn láàárín ọjà? Ọ̀rọ̀ ti ń lọ káàkiri pé ìyá mi ní ohun tó fi ń pe oníbàárà. Bàbá káfíńtà tó fún mi ní pákó ní, "Má ṣí i o. Àṣírí ni ọjà ẹ. Tó o bá ṣí i, ta ló máa dúró wò ó mọ́?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá mi wá pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ebi lè pa mí. Àmọ́ kí wọ́n má torí iṣu pè mí lájẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ère náà sórí tábìlì, mo yọ pákó ẹ̀yìn àpótí rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Mo ní kí ìyá tó pe Jésù lánàá wá fọwọ́ ara wọn yí i. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Ìgbà tí wọ́n yí i, tí wọ́n rí bí igi ṣe ń ti apá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó mà ṣe o! Ọgbọ́n lásán ni!" Iṣu méjì ni wọ́n rà.

Kí n má purọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó wò ló rà. Ṣùgbọ́n a rí owó ìsọ̀ oṣù yẹn san, ẹnu sì kúrò lára ìyá mi.

Ohun tí bàbá káfíńtà sọ náà ṣẹ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́kanáísà lẹ́bàá títì wá wo inú àpótí náà dáadáa. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi ṣe tirẹ̀, onílù ni. Ṣé ó dùn mí? Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo wo inú tirẹ̀, àgbá rẹ̀ ò rí róbótó bíi tèmi. Ibi méjì ló ti yọ gọ̀ngọ̀, nítorí náà tó bá yí i lẹ́ẹ̀kan, onílù rẹ̀ á lùlù lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò ronú kan ìyẹn rí. Mo ti ń gé òmíràn báyìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa ṣí i, àbí ẹ máa pa àṣírí yín mọ́? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa.