Ọmọ lẹ́yìn, ìwé lọ́wọ́: Abiyamọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ omi ní Kàdúná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Síbẹ̀, àwọn ará Kàdúná kò gbàgbé ọdún 2003, nígbà tí odò ìlú wọn kún àkúnya, tí ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú ilé. Ẹ̀kọ́ bí omi ṣe lè mọ́, bí ẹ̀gbin ṣe lè kúrò láàárín ìlú, àti bí a ṣe lè la ojú àgbàrá, ni ẹ̀kọ́ ẹnjiníà àyíká. Iṣẹ́ tí ìlú kò lè ṣe aláìní ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á wo abiyamọ tí ó bá dáwọ́ lé irú ẹ̀kọ́ yìí. Wọn yóò kọ́ ọ pé, kí omi odò tó di mímu, a ó po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí ìdọ̀tí lè dì pọ̀, kí ó sì rì sí ìsàlẹ̀. A ó fi iyanrìn sẹ́ ẹ. A ó sì fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀. Yóò kọ́ pé omi àìmọ́ ni ó ń fa onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru tí ń pa ọmọ wẹ́wẹ́.

Nítorí náà, ó mọ ìdí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ọmọ mu ọmú nìkan, láìsí omi rárá, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fún un lọ́mú nígbà tí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò bá gba wákàtí mẹ́ta gbáko?

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti 1974 fún abiyamọ òṣìṣẹ́ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un láìdúró de òfin. Yàrá kan tí ó mọ́, tí ó sún mọ́ kíláàsì, àti ìsinmi díẹ̀ láàárín iṣẹ́, kò ju agbára wọn lọ. Kí ọkọ àti ẹbí náà má ṣe káwọ́ gbera. Ẹnìkan ní ń bí ọmọ, igba ènìyàn ní ń tọ́ ọ. Bí obìnrin náà bá sì gboyè, gbogbo ìlú ni yóò mu nínú omi tí ó tọ́jú.