Ọwọ́ Tó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ "Captivity"

Ní àṣálẹ́ Sátidé kan, ọmọ mi ń kọ́ Sáàmù 126 sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbọ́ "captivity", wọ́n ní kí ni yẹn. Mo ní, "Ìgbèkùn ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Ta ló mú wọn?"

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Bẹ́ẹ̀, inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìdáhùn wà. Látinú Látìn, èdè àwọn ará Róòmù ìgbàanì, ló ti wá. "Capere" ni kí èèyàn fọwọ́ mú nǹkan. Ẹni tí wọ́n bá mú lógun ni "captivus". Òun náà ló bí "captivate", tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà tí ẹwà bá gbani lọ́kàn.

Ohun tó dùn mí ni ohun tójú ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Àwọn Faransé sọ ọ́ di "chétif", ẹni tó rù, tí kò lágbára. Lẹ́nu àwọn ará Ítálì ó di "cattivo", ènìyàn burúkú. Gẹ̀ẹ́sì náà tún gba "caitiff" lẹ́nu àwọn ará Nọ́máǹdì nílẹ̀ Faransé, ó sì di èébú fún ojo. Ẹni tí wọ́n mú, òun náà ni wọ́n tún bú! Ta ló bú ẹni tó mú un?

Ọwọ́ tó múni ni Látìn ń wò, ṣùgbọ́n okùn tó deni ni Yorùbá ń wò. Ẹ wo òǹdè: òǹkọ̀wé ló ń kọ̀wé, òǹtajà ló ń tajà, ṣùgbọ́n òǹdè kọ́ ló de ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n dè. Ẹ̀wọ̀n náà, irin tí wọ́n fi ń deni ni kó tó di orúkọ ilé.

Mo wá ṣí Bíbélì Yorùbá bàbá mi sí Sáàmù náà. Ìkólọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹnì kan là ń mú. Ọ̀pọ̀ là ń kó. Samuel Àjàyí Crowther, aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì náà, mọ ìyàtọ̀ yẹn lára. Ní 1821, ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Abẹ́òkúta lòun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kanra, ní 1846.

Mo ka ìtàn náà fún bàbá mi. Wọ́n ní kí n tún ibi tí ìyá àti ọmọ ti rí ara wọn kà.