Ẹ̀rọ CT Scan, Láti Ọ̀dọ̀ EMI Dé Èbúté Àpápá

Lọ́dún 1973, Paul McCartney kó ẹgbẹ́ rẹ̀ Wings wá sí Àpápá láti gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road. Ìtàn yẹn kò ṣàjèjì sí ará Èkó tó fẹ́ràn orin. Èyí tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ni pé EMI kan náà, tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwo Fẹlá, ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ CT scan wọ ọjà: ẹ̀rọ tí dókítà ń ní ká lọ ṣe bí ọkadà bá gbé ènìyàn lulẹ̀ tó forí gbá, tàbí bí apá àti ẹsẹ̀ ẹnìkan bá dédé kọṣẹ́.

Ẹnjiníà EMI, Godfrey Hounsfield, ló ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971, ní ọsibítù Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi wo orí obìnrin kan tí wọ́n fura pé kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Kókó náà sì hàn.

X-ray lásán máa ń to egungun, ẹran àti ẹ̀jẹ̀ lé ara wọn nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Ó dà bí ìgbà tí o bá dúró lójú kan ní Boundary nírọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ń tú bọ̀ láti Àpápá sí Ajégúnlẹ̀, orí ẹnì kan á bo ti ẹlòmíràn. Àfi kí o yí wọn po kí o tó mọ ẹni tó dúró níbì kan pàtó. Iṣẹ́ CT nìyẹn. Nínú òrùka ńlá tí aláìsàn ń wọ̀, túùbù tó ń ta ìtànṣán dojú kọ àwọn ohun tó ń wọn ìtànṣán náà, gbogbo wọn á sì jọ máa yí po ara. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bí ojú kọ̀ọ̀kan nínú ara ṣe dí ìtànṣán lọ́nà tó, á fún un ní nọ́ńbà: omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, egungun ga fíofío. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya sínú ọpọlọ á funfun ju ọpọlọ lọ. Dókítà kò gbọdọ̀ fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì láìjẹ́ pé ó ti rí i pé kò sí irú funfun bẹ́ẹ̀.

Túùbù yẹn ni olówó ẹ̀rọ ń ronú lé lórí. Nínú agbára iná tó ń wọ inú rẹ̀, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń di ìtànṣán. Ooru ni gbogbo ìyókù. Ìdí nìyí tí túùbù fi ń gbó, tí yàrá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wà láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Owó túùbù tuntun lè ju 100,000 dọ́là lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé owó tí EMI rí nínú orin Beatles ló bí CT. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ná jù EMI lọ. Lọ́dún 1979, Hounsfield àti Allan Cormack, ọmọ South Africa, gba ẹ̀bùn Nobel. Lọ́dún yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ Thorn ra EMI, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi jáwọ́ nínú CT. Lójú tèmi, ọgbọ́n kò tán lórí wọn o. Ọsibítù tó bá ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sì sáré wá lọ́jọ́ tó bá dákẹ́. General Electric ti Amẹ́ríkà àti Siemens ti Jámánì ti ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní yàrá X-ray tipẹ́.

Bákan náà lọ́jà wa lónìí. Ẹ̀rọ tuntun àti tòkúnbọ̀ ń gba èbúté Àpápá àti Tin Can wọlé nínú kọ̀ǹtẹ́nà. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba sì ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, owó àtúnṣe ti ga ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Fi owó dísù fún jẹnẹrétọ̀ kún un. Àpò aláìsàn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, torí pé ọ̀pọ̀ jù lọ ará Ajégúnlẹ̀ kò ní adójútòfò ìlera.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkúnbọ̀, kó tó dáwó lé e, kó béèrè iye iṣẹ́ tí túùbù ti ṣe. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tún béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ máa ń ti ojú ewé àyẹ̀wò pa, débi pé ẹnjiníà Èkó tó mọ iṣẹ́ dunjú kò ní lè mọ ohun tó bà jẹ́, àfi kí wọ́n sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.