"Ọkọ̀ òfuurufú já": okùnfà nínú gbólóhùn Yorùbá

Bí a bá gbọ́ gbólóhùn (1), a ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ohun tó fà á.

(1) Ọkọ̀ òfuurufú já.
(2) Okùn já.

Nínú méjèèjì, ohun tó já ni olùwà. Ẹni tàbí ohun tó fà á kò sí níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, a lè lo "mú kí":

(3) Ẹrù mú kí ọkọ̀ òfuurufú já.

Gbólóhùn (3) sàn ju (1) lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò tíì tó. Ẹ jẹ́ ká wo ìjàǹbá ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2003 ní pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun, ní Cotonou. Boeing 727 ilé-iṣẹ́ UTA ti orílẹ̀-èdè Gínì fẹ́ gbéra lọ sí Beirut. Kò gòkè tó bó ṣe yẹ. Ó kọlu ilé kékeré kan tó wà ní ìparí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó sì já sí etí òkun. Ènìyàn 141 kú.

Àwọn olùwádìí Faransé rí i pé ẹrù pọ̀ jù, àti pé ìwúwo rẹ̀ fì síwájú. Ọ̀ràn méjì nìyẹn. Ní Ṣakẹ́tẹ́, ẹni tó ń fi alùpùpù ru epo kpayo mọ̀ pé ẹrù tó wúwo sẹ́yìn jù máa ń mú kí táyà iwájú fúyẹ́. Ti ọkọ̀ òfuurufú yìí yàtọ̀: iwájú ló wúwo, imú rẹ̀ sì ṣòro láti gbé sókè. Àwọn awakọ̀ kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo náà ṣe wà. Ìwádìí náà tún tọ́ka sí ètò ilé-iṣẹ́ náà tí kò dára, àti àwọn aláṣẹ Gínì tí kò bójú tó o tó.

Kì í ṣe ẹrù nìkan ló ń fà á. Ní Àbíjàn, ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2000, agogo ìkìlọ̀ dún láìnídìí nínú ọkọ̀ Kenya Airways ní kété tó gbéra. Awakọ̀ dorí rẹ̀ kodò, ó sì já sínú òkun. Ènìyàn 169 kú. Ní Abuja, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ọkọ̀ ADC gbéra nínú ìjì, ènìyàn 96 sì kú.

Nítorí náà, àlàyé tó péye lórí ti Cotonou yóò gùn báyìí:

(4) Àìbójútó mú kí ètò ilé-iṣẹ́ náà mẹ́hẹ. Èyí mú kí àwọn awakọ̀ má mọ bí ẹrù ṣe wà. Ẹrù náà mú kí imú ọkọ̀ ṣòro gbé. Ọkọ̀ sì já.

Níbi tí "mú kí" kọ̀ọ̀kan wà nínú (4), ẹnì kan wà tó lè dá ọ̀ràn náà dúró: aláṣẹ, ilé-iṣẹ́, àwọn tó ń kó ẹrù, awakọ̀. Gbólóhùn (1) kò fi ẹnikẹ́ni nínú wọn hàn.