Kí ni ‘tight’ ń jẹ́ ní Yorùbá? Ẹ gun Òkè Ìdànrè kí ẹ tó dáhùn

Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ ‘tight’, ‘fún’ tàbí ‘le’ ni á kọ, á sì gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì tán. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan pe ohun púpọ̀. Ní ti Yorùbá, a ó kọ́kọ́ wo irú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ná.

Fún, há, le

Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń bá gun Òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lé ní 600. Bí bàtà bá kéré sí ẹsẹ̀, kí a tó gun ọgọ́rùn-ún a ti mọ̀ pé ó fún. Ohun tó bá ń tẹ ara ló ń fún: bàtà, ṣòkòtò, fìlà.

Bí àlàfo àárín àpáta méjì bá ṣe tóóró, ó há ni. Àyè ni ‘há’ ń sọ. Ibẹ̀ náà la ti rí ‘háwọ́’, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí ahun.

Awọ ìlù ní tirẹ̀ ń le. Bí onídùndún bá fún ọṣán mọ́ abẹ́ abíyá, awọ á le, á máa gbọ̀n kíákíá, ohùn á sì lọ sókè. Bó bá dẹwọ́, ohùn á wálẹ̀.

Àpáta tó dì

Òkè náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó dì ni. Òkúta gíránáìtì ni, tó ti yọ́ rí nínú ilẹ̀, tó sì tutù ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Hóró inú rẹ̀ wọnú ara wọn. Níbi tí àpáta bá ti sán, omi á wọlé, á sọ ọ́ di erùpẹ̀, òjò á sì gbá a lọ. Ibi tí kò sán púpọ̀ ló dúró. Ilẹ̀ àyíká ló lọ sílẹ̀ tí òkè fi yọrí.

Láàárín àwọn àpáta wọ̀nyí ni ìlú Ìdànrè wà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Àpáta dì, ọ̀nà há, ọ̀tá kò ráyè rọ́ wọ̀lú.

Nítorí náà, bí ìròyìn bá ní ‘tight security’, ẹ má kọ ‘ààbò tó fún’. Ààbò kì í ṣe bàtà. Wọ́n mú un le ni.